Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ ni Àwòrán Ẹ̀fẹ̀

  Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí gan-an.

Ní sáà tó kọjá, omi ẹ̀rọ dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé tí à ń gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bíi tèmi, mú bírò, ó ya ẹ̀rọ omi kan tí aláǹtakùn ti ta okùn bo ẹnu rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò síwájú rẹ̀ tàwọn ti korobá. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ti hu irùngbọ̀n funfun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ ṣe sùúrù." Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde. Kí ọ̀sán tó pọ́n, òṣìṣẹ́ kan ti fà á ya, wọ́n sì ní kí ọ̀rẹ́ mi wá tọrọ àforíjì. Ó tọrọ rẹ̀. Omi kò sì tíì dé lọ́jọ́ náà.

Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dábàá pé kí ọ̀rẹ́ mi tún àwòrán náà yà fún ìwé wa yìí, àwọn kan nínú àwa fúnra wa fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lítíréṣọ̀ là ń kọ́, pé a kò wá kọ́ eré ọmọdé. Èsì mi sí wọn nìyí: àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, èyí tí à ń pè ní kàtúùnù, lítíréṣọ̀ ni. Tiwa sì ni. Ẹni tó bá ń kọ́ Yorùbá tí kò kà á sí, apá kan ọgbọ́n baba rẹ̀ ni kò kà sí.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Kí ni àwòrán ẹ̀fẹ̀ bí kò ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀? Ayàwòrán a ya ìdajì, òǹwòran a fi làákàyè parí ìyókù. Àwọn baba wa ti mọ irú iṣẹ́ yìí kí ìwé tó dé. Bí ẹnì kan bá fi ẹyọ owó mẹ́fà pàrokò sí ọ, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ẹ̀fà ni, pé ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọ. Ẹ wá fi ojú ọnà èdè wo àwòrán ọ̀rẹ́ mi. Irùngbọ̀n funfun lágbọ̀n ọmọ ogún ọdún, ṣé kì í ṣe àsọrégèé nìyẹn? "Ẹ ṣe sùúrù" ńkọ́? Ẹ̀gàn tó gbé agbádá ìtùnú wọ̀ ni. Bí ẹlòmíràn bá sì ya náírà bí aláìsàn tó nà gbalaja sórí ẹní, ìfohunpènìyàn ni. Ohun tí àwọn olùkọ́ wa ń fi ìjálá àti oríkì kọ́ wa náà ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí sì ní àgbà. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ni kí a kọ́kọ́ júbà fún. Ní 1944 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1937. "Lash" ló ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó amúnisìn ló dojú kọ, ní àkókò tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ léwu: ní 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ìjọba ti ìwé ìròyìn náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè wo àwòrán Lash kó sì mọ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́. Nígbà tí òṣèlú gbóná, ó fi gègé kan náà bá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ jà, nítorí Ẹgbẹ́ Alákùkọ ni Pilot ń tì lẹ́yìn. Ọmọ Yorùbá ni, kò tìtorí ìyẹn dá Awólọ́wọ̀ sí. A lè bá a jiyàn lórí èyí, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá eré ọmọdé jiyàn?

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn mìíràn dé. dele jegede, ẹni tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ọnà, ló ya Kole the Menace fún Sunday Times. Nílé iṣẹ́ Daily Times yìí kan náà ni Josy Ajiboye ti ń ya ìṣòro mẹ̀kúnnù: ọkọ̀ tí kò sí, oúnjẹ tó wọ́n, owó oṣù tí kò tó ná. Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Ẹnì kan yóò sọ pé àṣà wa kò gbà kí ọmọdé fi àgbà ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àṣà yìí kan náà ló sọ pé ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ní òru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu, ẹlẹ́fẹ̀ a máa tú àṣírí oníwà burúkú ní gbangba, ẹnikẹ́ni kì í sì bi í. Níbi ọdún Òkè-Bàdàn, àwọn ènìyàn a máa kọrin èébú kọjá níwájú ilé ọlọ́lá. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú tí kò bá fàyè sílẹ̀ fún ẹ̀fẹ̀ yóò fàyè sílẹ̀ fún ìjà. Ìjọba ológun kò mọ èyí. Òfin kẹrin tí wọ́n ṣe ní 1984 ní bí ìròyìn bá kan òṣìṣẹ́ ìjọba lábùkù, ẹ̀wọ̀n ni, ì báà jẹ́ òótọ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀ kí wọ́n tó fagi lé òfin náà ní 1985. Níbi tí odindi ọ̀rọ̀ bá ti ń gbéni dé ẹ̀wọ̀n, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ọlọ́gbọ́n ń sọ.

Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ìwà là ń fi ṣẹ̀fẹ̀, a kì í fi ẹ̀dá ṣe é. Àbúrò bàbá mi kó Ikebe Super jọ sínú àpótí, ìwé tí Wale Adenuga bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ń kà á, ṣùgbọ́n ìdí obìnrin ni orúkọ ìwé náà ń tọ́ka sí, òun náà ló sì ń pa wá lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ yìí sí, a ní láti lè sọ èyí tó dára àti èyí tó kù káàtó nínú rẹ̀.

Èdè ló kù. Gẹ̀ẹ́sì ni Lash kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀, nítorí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ni Pilot. N kò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èdè tiwa lè ṣe. Ẹ ya alága ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ́jọ́ ìmọ́tótó, tó ń gbálẹ̀ níwájú àwọn ayàwòrán, kí àpò agbádá rẹ̀ wú bòǹbò. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọwọ̀ ló wà lọ́wọ́, owó ló wà lápò." Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò túmọ̀ ìyẹn sí Gẹ̀ẹ́sì kí adùn rẹ̀ má dànù?

Ìwé ìròyìn àná la fi ń pọ́n àkàrà lónìí. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ń lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tejumola Olaniyan, tó kọ́ni ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, sapá láti kó àwòrán ẹ̀fẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà jọ kí ó tó kú ní 2019. Ní ọdún yẹn kan náà ni New York Times ní òun kò ní máa tẹ àwòrán ẹ̀fẹ̀ òṣèlú jáde mọ́ nínú ìwé ìròyìn òun tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Bí àwọn tó lówó tó bẹ́ẹ̀ bá ń sá fún un, ta ni yóò tọ́jú tiwa?

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ wa ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún àwòrán ẹ̀fẹ̀ lọ́dọọdún, kí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá. Kí ẹni tó bá ń wá kókó fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ lọ wo inú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ilé ìkàwé. Kí olúkúlùkù wa bi àwọn ará ilé rẹ̀ bóyá ìwé ìròyìn àtijọ́ kan wà nínú àpótí kí eku tó jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rẹ́ mi kò tíì mú bírò láti ọjọ́ náà. Bí ẹ bá fún un ní ojú ìwé kan, mo mọ̀ pé yóò mú un. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ nìyí o. Ọmọlúàbí ni yín.