Ògbufọ̀ olówó gọbọi: Bí Bàbá Ìbejì ṣe fẹ́ẹ́ kó owó ilé-ìwé ọmọ lé ẹ̀rọ orin ní Lakowe

Wọ́n ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Aṣọ ló wu àwọn kan, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló wu àwọn mí-ìn, ṣùgbọ́n ní ti Bàbá Ìbejì, ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan tó ń gbé ní Lakowe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹkkí, orin ni. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé láti Victoria Island, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Ajah ti fìyà jẹ ẹ́ tán, tó ti jẹun, tí àwọn ìbejì sì ti sùn, yóò de hẹ́dífóònù mọ́rí, yóò dijú, yóò máa gbọ́ àpàlà Haruna Ishola. Bàbá tó bí i lọ́mọ ló fi orin yẹn sílẹ̀ fún un. Nígbà tí bàbá náà wà láyé, kò sí ọjọ́ Àìkú kan tí kì í gbé rẹ́kọ́ọ̀dù "Oroki Social Club", èyí tó jáde lọ́dún 1971, sórí ẹ̀rọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀hún ti fọ́, bàbá ti lọ, èyí tí ẹnì kan bá a dà sínú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tí ọmọ fi ń rántí bàbá ẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ṣàkíyèsí pé nǹkan kan ń kùn "hìììn" lábẹ́ orin náà, bí ẹni pé kòkòrò kan há sínú hẹ́dífóònù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó máa dún ṣàkà-ṣàkà, bí omi tó ń hó lórí iná ló ń dún. Ó rojọ́ fún oníṣòwò kan tó ń ta ẹ̀rọ orin, ìyẹn ò sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi ní, "Ọ̀gá, DAC inú kọ̀ǹpútà yín ni ò dáa. Ẹ gbé àpótí yìí lọ sílé, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta gbọ́ ọ. Bí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà." Náírà 450,000 lowó ẹ̀.

Owó wà nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé Táíwò àti Kẹ́hìndé ni. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa wọlé, Ìyá Ìbejì sì ti ń tọ́jú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹta.

Nígbà tí obìnrin náà rí àpótí dúdú lórí tábìlì, tó sì gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, kò pariwo. Ó kàn wo ọkọ ẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni nǹkan yìí ń ṣe?" Ọkọ ò lè dáhùn dáadáa. Ó ní ó ń jẹ́ kí orin mọ́. Ìyàwó ní, "Kí la wá ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀?" Ló bá fóònù àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, pé kó tètè máa bọ̀ ní Sátidé.

Ìbéèrè Ìyá Ìbejì yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ẹ́ náwó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bi ara ẹ̀. Kí tiẹ̀ ni DAC? Ẹ jẹ́ kó yé yín báyìí. Orin tó wà nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohùn, nọ́ńbà ni. Láti ìgbà tí Sony àti Philips ti gbé CD jáde ní 1982, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n máa ń wọn ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, wọ́n á wá kọ bó ṣe ga sí sílẹ̀, ìpele gíga tí wọ́n lè kọ sì jẹ́ 65,536. Etí ò mọ nọ́ńbà kà. Ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tí yóò sọ nọ́ńbà yẹn di iná, kí iná yẹn tó lè mi hẹ́dífóònù kó di ohùn. Ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń pè ní DAC. Ògbufọ̀ ni. Iṣẹ́ tí ògbufọ̀ ń ṣe ní kóòtù náà ló ń ṣe: kó sọ ohun tí wọ́n sọ, kó má yọ nínú ẹ̀, kó má sì fi tiẹ̀ kún un.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kò sí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ń kọrin tí ò ní ògbufọ̀ tiẹ̀ nínú. Àní hẹ́dífóònù tí kò ní wáyà, èyí tó ń lo Bluetooth, ògbufọ̀ tiẹ̀ wà nínú ike tí ẹ kì bọ etí yẹn. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀ tó tún lọ ra DAC olówó ńlá láti fi gbọ́ ọ, owó ẹ̀ ti wọ gbó. Nígbà tí Apple yọ ihò íápíìsì kúrò lára iPhone 7 ní 2016, tí àwọn mí-ìn náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e, ó di dandan kí ẹni tó ní hẹ́dífóònù oníwáyà lo wáyà pénpé kan tí yóò kì bọ ìdí fóònù. DAC wà nínú ọ̀pọ̀ wáyà pénpé yẹn náà. Dọ́là 9 péré ni Apple ń ta tiẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ohùn wò sì ti wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé ariwo àti àbùkù tó wà nínú ẹ̀ kéré ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ.

Àwọn tó ga ju ìyẹn lọ náà wà. AudioQuest gbé DragonFly jáde ní 2012 ní dọ́là 249, Schiit gbé Modi jáde lọ́dún yẹn kan náà ní dọ́là 99. Iye tí wọ́n ń pè é lókè òkun kò pọ̀ púpọ̀, àmọ́ náírà ni wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ fún ará Lakowe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, bíi náírà 460 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Láàárín ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ohun tí ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan rà, owó ilé-ìwé ọmọ méjì ni níbí.

Nígbà tí àbúrò Ìyá Ìbejì dé ní Sátidé, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó de hẹ́dífóònù, ó tẹ́tí sí "hìììn" yẹn lára àpótí olówó ńlá náà. Ó ṣì wà ńbẹ̀! Ó wá fa ṣájà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri. Kíá ni ariwo náà dákẹ́. Ó kì í padà, ariwo dé. Ó yọ ọ́, ariwo lọ. Ó wá gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kì hẹ́dífóònù bọ ihò ara kọ̀ǹpútà gan-an láì sí ṣájà, kẹ́kẹ́ pa.

"Bọ̀dá," ó ní, "ògbufọ̀ yín ò ṣẹ̀. Iná lẹ̀ ń gbọ́. Iná tó ń gba inú ṣájà wọlé ò mọ́, ẹ̀rọ inverter yín ò sì jẹ́ kó dáa sí i. Àpótí yìí ń gba iná lára ògiri, ó tún fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, bí ariwo ṣe ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì nìyẹn. Ẹ máa yọ ṣájà bẹ́ẹ bá fẹ́ẹ́ gbọ́rin, kò ná yín ní kọ́bọ̀."

Bàbá Ìbejì ò fẹ́ẹ́ gbà. Ó ní yàtọ̀ sí ti ariwo, ohùn àpótí náà dáa ju ti wáyà pénpé tó wà lára fóònù òun lọ, òun gbọ́ ọ pẹ̀lú etí òun. Ìyàwó ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò." Wọ́n fi gèlè di ọkùnrin náà lójú. Wọ́n mú dáìsì lúdò àwọn ìbejì: bí nọ́ńbà tó bá jáde bá ṣeé pín sí méjì, àpótí; bí kò bá ṣeé pín, wáyà pénpé. Fóònù kan náà, orin kan náà, hẹ́dífóònù kan náà. Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Bàbá Ìbejì gbà á! Ló bá ṣí gèlè, ló ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì ò sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ ti ń pọ́n.

Ṣùgbọ́n àbúrò ẹ̀ ní kí wọ́n má tíì jó. Ó mú mítà táwọn oníná fi ń wọn iná jáde nínú báàgì, ó gbé ohùn kan ṣoṣo tí kì í yí padà sórí fóònù, ó wọn iná tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ méjèèjì. Èyí tó ń jáde lẹ́nu àpótí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti wáyà pénpé. Àpótí náà kàn ń pariwo jù ni! Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí pé èyí tó bá fi díẹ̀ lọ sókè, etí á ní òun ló dùn. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló mọ̀ ọ́n, wọn ò kàn ní í sọ fún oníbàárà ni.

Ó yí àpótí wálẹ̀ títí mítà fi ka iye kan náà fún méjèèjì. Wọ́n tún di gèlè, wọ́n tún da dáìsì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà nínú mẹ́wàá ni Bàbá Ìbejì gbà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń méfò lásán máa ń gba tó márùn-ún. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ó gba mẹ́rin.

Ó wá rántí pé oníṣòwò náà fọ́nnu pé àpótí ọ̀hún lè ka nọ́ńbà nígbà 384,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òótọ́ ni, àmọ́ etí ọmọ èèyàn kì í gbọ́ ohùn tó bá gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 44,100 tó wà nínú CD sì ti tó láti gbé gbogbo ìyẹn.

Kí ló wá ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó fi ń hó bí omi? Àbúrò yẹ orin náà wò nínú kọ̀ǹpútà. MP3 ni, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ rì kó má baà gbàyè. MP3 máa ń gé apá kan ohùn dànù, tí wọ́n bá wá gé e jù, irú ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ohun tí wọ́n bá sì ti gé dànù, kò sí ògbufọ̀ tó lè dá a padà, bó ti wù kówó ẹ̀ pọ̀ tó.

Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tí DAC ọ̀tọ̀ wúlò fún o. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ ti gbó, tó ń kùn kódà nígbà tí kò sí ṣájà lára ẹ̀, ó lè rà á. Ẹni tó ní hẹ́dífóònù tó le láti gbé, irú Sennheiser HD 600 tó jẹ́ 300 ohms, ó lè nílò ẹ̀rọ tó ní agbára ju wáyà pénpé lọ, àmọ́ agbára ni onítọ̀hún ń wá, kì í ṣe ògbufọ̀. Ti Bàbá Ìbejì, 32 ohms ni, wáyà pénpé ń gbé e fẹ̀rẹ̀. Bí owó bá wà, hẹ́dífóònù tó dáa ni kó kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn náà ni orin tí wọn ò gé. Ìkẹyìn pátápátá ni ti DAC.

Ohun kan tún wà tí ò yẹ kí èèyàn gbójú fò. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń ké lójú fèrèsé, ṣe ni àwọn tó ń fi hẹ́dífóònù gbọ́rin máa ń yí i sókè kí wọ́n lè borí ẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ohùn tó bá tó 80 decibel, kò yẹ kéèyàn gbọ́ ọ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, tó bá sì ga jù bẹ́ẹ̀, wákàtí náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti ń ta etí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Ìbejì gbé àpótí padà fún oní-nǹkan. Lọ́jọ́ yẹn náà ni ìyàwó ẹ̀ san owó ilé-ìwé, tó fi rìsíìtì há ara fìríìjì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà wọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà wà níbẹ̀, nínú páálí ẹ̀, kò há níbì kankan. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n rọra dà á sínú kọ̀ǹpútà láì gé nǹkan kan. Owó ọkọ̀ àti obì tó mú dání, gbogbo ẹ̀ ò pé náírà 20,000.

Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ó yọ ṣájà, ó de hẹ́dífóònù. Agídìgbo bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dáhùn ṣàkà-ṣàkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ohùn Haruna sì gba àárín wọn kọjá. Ìyá Ìbejì rí i tí omi ń bọ́ lójú ọkọ ẹ̀, ó rọra yọ hẹ́dífóònù kúrò lórí ẹ̀, ó gbé e sí tiẹ̀. Ó gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀, ló bá ní, "Áà, Bàbá Ìbejì, èyí tí Bàbá máa ń gbé sí i lọ́jọ́ Àìkú nìyí!"