Kí Ògbufọ̀ Má Gé Ọ̀rọ̀ Kù

Àwọn kan ní kí Django, ògbufọ̀ láàárín Python àti dátábéèsì, má ṣe ojúsàájú: ohun tí PostgreSQL nìkan bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó fi sílẹ̀. Èmi ò gbà! Ògbufọ̀ wo ló ń gé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kù nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ kò lè sọ ọ́?

Ẹ wo JSONField. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣèdánwò iṣẹ́ mẹ́jọ, èkejì ṣe mẹ́sàn-án. Máàkì àwọn méjèèjì á wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ní 2015, PostgreSQL nìkan ni Django ṣe é fún. Nígbà tó di 2020, MySQL, MariaDB, Oracle àti SQLite náà ti ń jẹ nínú rẹ̀. Ká ní wọ́n dúró de gbogbo wọn ńkọ́?

Lóòótọ́, ẹni tó bá lo ArrayField yóò jìyà díẹ̀ bó bá fẹ́ kó lọ sí MySQL. Ìyẹn, bó bá fẹ́ kó lọ o. Ọ̀pọ̀ ni kì í kó lọ rárá.