Èdè Tí A Fi Ń Du Ọmọ Ti Di Iṣẹ́ Oòjọ́

Ohun tí a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Ó yẹ kí òwe yìí máa dún ní etí gbogbo òbí tí ó jẹ́ Yorùbá ní Gwarinpa, ní ìlú Àbújá, níbi tí ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba àti ọmọ oníṣòwò ti ń dàgbà láìlè kí ìyá bàbá wọn ní èdè tí ìyá náà gbọ́. Bí a bá bi irú òbí bẹ́ẹ̀ léèrè, èsì tí ó sábà máa ń jáde ni pé òun fẹ́ kí ọmọ òun sọ Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kí ó lè rí iṣẹ́ gidi ṣe lọ́la.

A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá. Àbújá kì í ṣe Ìbàdàn. Gbàgyí tí ó ni ilẹ̀, Haúsá, Ìgbò, Núpé àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó so wọ́n pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí àwọn òbí wọ̀nyí fi ń ṣe àwòkọ́ṣe kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Òtítọ́ ni pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ náà ti wá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951, T. W. Chalmers, ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ní BBC, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 1953, Gómìnà Macpherson bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Action Group lórí rédíò náà, wọn kò sì fún Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní àyè láti fèsì. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Láti ìgbà náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti pinnu pé àwọn yóò ní ẹnu tiwọn, títí ó fi di ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Overseas Rediffusion, ni ó bá ìjọba dá a sílẹ̀. Àmọ́ ojú Aníkẹ́ Agbájé-Williams ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí, Kúnlé Ọláṣọpẹ́ ni ó sì ka ìròyìn. Adébáyọ̀ Fálétí, tí òun náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, di ẹni àpọ́nlé nítorí Yorùbá ìjìnlẹ̀ tí ó wà lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán kò wúlò. Christopher Kọ́ládé wọ iṣẹ́ rédíò ní ọdún 1960, ó di ọ̀gá àgbà ní ọdún 1972, ó sì ṣe aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 2002 sí 2007. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí BBC fúnra rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1957 ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò ní èdè Haúsá. Lẹ́yìn ọdún 61, ní oṣù Kejì ọdún 2018, ó dá ẹ̀ka Yorùbá àti ti Ìgbò sílẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ka náà. Ẹni tí ó lè gba ìròyìn ní èdè kan, kí ó sì gbé e kalẹ̀ ní èkejì láìdàrú, ni iṣẹ́ yẹ.

Ọmọ Gwarinpa tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan wà lẹ́nu rẹ̀ yóò bá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹnu ọ̀nà kan náà, ọmọ onílé ni yóò sì kọ́kọ́ wọlé. Èyí tí ì bá fi ta á yọ ni àwọn òbí rẹ̀ ti fi dù ú.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Kí Yorùbá jẹ́ èdè oúnjẹ alẹ́ nínú ilé. Kí ọmọ máa ka ìròyìn Yorùbá sókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìpínrọ̀ kan lóòjọ́. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, ìjọ àti mọ́ṣáláṣí ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ ní ọjọ́ Sátidé fún kíkọ́ ọmọ ní kíkà àti kíkọ. Gẹ̀ẹ́sì kò ní sá lọ; ilé ẹ̀kọ́ yóò fi kọ́ wọn. Ta ni yóò kọ́ wọn ní Yorùbá ní Gwarinpa, bí kì í bá ṣe ẹni tí ó bí wọn?