Àlejò àti Omi Onílé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ọ̀rọ̀ omi ti rí gan-an nìyí. Omi tí ó mọ́ gaara lójú lè ní kòkòrò àrùn onígbáméjì tàbí ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun nínú. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè pé kí ó se omi rẹ̀ kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán, kí ó sì yẹra fún omi dídì tí kò mọ orísun rẹ̀.

Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. À ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé omi onílé nìkan ni ó lè pa àlejò lára. Àlejò náà lè ba omi onílé jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè Haiti. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé láti àgọ́ àwọn ọmọ ogun Nepal, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ pẹ̀tù sí ìjà, ni ìgbẹ́ ti ṣàn dé odò Artibonite, tí àwọn ará ibẹ̀ ń mu, tí wọ́n sì ń wẹ̀. Àwọn tí àrùn náà kọlù lé ní 800,000. Àwọn tí ó kú súnmọ́ 10,000. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2016 kí Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà àjọ náà nígbà náà, tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Àforíjì kò sì lè jí òkú.

Ẹnìkan lè wí pé àwọn ọmọ ogun náà kò mọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó gbé kòkòrò yìí sínú ni ara rẹ̀ le koko. Ṣùgbọ́n nítorí pé àlejò kò lè mọ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó ṣọ́ra. Kí a má ṣe yàgbẹ́ sí ẹ̀bá odò. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí ẹni tí ó kó èrò lọ sí ìlú onílùú sì kọ́ ilé ìgbẹ́ tí kò ní jò kí ó tó pàgọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò rìnrìn àjò lọ kọ́ èdè tàbí lọ ṣe ìwádìí. Bí a bá ti bi onílé pé, "Ǹjẹ́ omi yín ṣeé mu?", ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pẹ̀lú pé, "Ǹjẹ́ yóò ṣì ṣeé mu nígbà tí a bá lọ tán?"