Ẹ Má Fi Owó Sokoto Pa Igbó Ilé

Ẹ̀yin ará wa ní Kofar Kware, àwọn kan nínú wa ń fowó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gé igbó, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n gbin àgbàdo. Wọ́n ní ilẹ̀ igbó kì í ṣá. Irọ́ ni!

Ewé tó ń jẹrà lábẹ́ igi ló ń kó káábọ́ọ̀nù pamọ́ sínú ilẹ̀. Bí a bá gé igi, tí oòrùn pa ilẹ̀, káábọ́ọ̀nù á bá afẹ́fẹ́ lọ, òjò á wọ́ ìyókù. Rattan Lal, tó ṣiṣẹ́ ní IITA, Ìbàdàn, láti 1970 sí 1987, fi hàn pé ilẹ̀ tí a fi pòròpórò bò, tí a kò tú, ń pa ọ̀rá mọ́.

Ẹ lo oko àtijọ́, ẹ bo ilẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń jẹ eruku ọyẹ́ níhìn-ín kò gbọdọ̀ fowó ra eruku fọ́mọ wa.