Igi Gbígbẹ́ Kì Í Ṣe Ẹbọ

Ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ pásítọ̀ àti ààfáà lẹ́nu jù: pé ẹni tó bá gbé ère sílé ti gbé ẹ̀mí àìmọ́ wọlé. Ẹ lá àlá burúkú, ère ló fà á. Ọmọ ò gbọ́ràn, ère ló fà á. Ọjà ò tà, wọ́n á ní kí ẹ lọ wo kọ̀rọ̀ pálọ̀ yín. Irọ́ ni, mo sì fẹ́ tú u palẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo ẹnu géètì àwọn tó ń pariwo jù. Kìnnìún sìmẹ́ńtì méjì ló lúgọ síbẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun eyín wọn. Idì na ìyẹ́ lórí òpó. Nínú pálọ̀, áńgẹ́lì aláwọ̀ góòlù tó ti Ṣáínà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n da òróró sí ìyẹn lórí. Àfi èyí tí ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìgbómìnà bá fi àáké gbẹ́ nìkan ni ẹ̀mí ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀mí wo ló ń béèrè ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ igi kó tó wọlé?

Wọ́n á ní òrìṣà ni gbogbo ère ilẹ̀ wa. Ṣé wọ́n ti gbọ́ nípa ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì? Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba ìlú náà, láàárín 1910 sí 1914. Ọba jókòó tòun tadé, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, òyìnbó ìjọba kan, Captain Ambrose, ń bọ̀ lórí ohun tí àwọn aláàárù fi gbé e rù. Àwọn ère náà yọ síta lára pákó bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ta ló ń bọ Ambrose? Ta ló ń pa adìyẹ fún aláàárù? Ìtàn ìlú ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn náà dé ibi àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924, British Museum fẹ́ rà á. Ògògà ò gbowó; àga ọba tí wọ́n kàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn. Ọba wo ló ń fi òrìṣà ìlú rẹ̀ pààrọ̀ àga?

Ó kan ère ìbejì wàyí, torí òun ni wọ́n máa ń nà sí wa lójú. Mi ò ní purọ́ pé wọn ò bọ ọ́. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, babaláwo lè ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún un. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á, á máa bọ́ ọ, títí imú àti ojú ère á fi máa pa rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bèbí oníke wọ ọjà, àwọn ìyá kan ra bèbí oníke, wọ́n sì ṣe gbogbo ètò yẹn fún un. Àwọn mìíràn lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò, ó ya ọmọ tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó lè di méjì. Bó bá jẹ́ ìrísí ènìyàn ni ẹ̀mí ń bá wọlé, bèbí ọwọ́ ọmọ yín ńkọ́? Fọ́tò ìgbéyàwó ara ògiri ńkọ́? Ètùtù ló ń sọ igi di ohun ìbọ. Àwọn tó ń bọ ọ́ gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ní bí ènìyàn ò sí, òrìṣà ò sí.

Ẹ wá wo àwọn tó ń gbẹ́ ère fúnra wọn. Mùsùlùmí ni agbẹ́gilére Lamidi Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún, tó kú ní 2009. Bàbá rẹ̀ gbẹ́gi, bàbá bàbá rẹ̀ gbẹ́gi. Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló ti kọ́ṣẹ́ sí i lọ́dọ̀ agbẹ́gilére kan, Bándélé ọmọ Àrẹ̀ógún, níbi iṣẹ́ tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Father Kevin Carroll, ń bójú tó. Wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ère ìbí Jésù. Fákẹ́yẹ yìí kan náà ló gbẹ́ Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ ní 1987. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, igi ni oníṣẹ́ ọnà Ben Enwonwu fi gbẹ́ Jésù tó jíǹde sí ilé ìsìn àwọn Kristẹni. Ẹ lọ lé ẹ̀mí kúrò lára ìyẹn náà, kí n rí i.

Ohun kan wà tí mo gbà. Ère tí wọ́n jí lójúbọ wà lọ́jà. Ẹ má rà á. Kì í ṣe pé igi á bù yín jẹ, ohun olóhun ni. Òfin 77 ti ọdún 1979 ka ère ilẹ̀ wa tó ti wà ṣáájú 1918, àti iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ti fi ṣe ètò ìbílẹ̀ rí, mọ́ ohun àtayébáyé tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè tà á tàbí kó rà á. Alájàpá tó bá sì ní tòun ti pé igba ọdún, ẹ ṣọ́ra: èéfín àti ẹrẹ̀ lè sọ ère oṣù tó kọjá di arúgbó.

Agbẹ́gilére tó wà láàyè ni kí ẹ lọ bá. Ẹ jókòó tì í. Ẹ ó rí i bó ṣe ń fi àáké lé ọnà, tí orí, ikùn àti ẹsẹ̀ á kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hàn. Lẹ́yìn náà ni àlétúnlé, tí etí àti ọwọ́ á yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán. Ìgbẹ̀yìn ni fínfín, tí ṣóńṣó ọ̀bẹ á máa la irun orí, ìpéǹpéjú àti ilà ojú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín pé orí ère wa ti tóbi jù. Ẹni tó mọ ohun tí Yorùbá ka orí sí ò ní rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá ti rà á, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìlú rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀ ère, torí àìmọye ère wa ló wà ní mùsíọ́mù òkè òkun tó jẹ́ orúkọ ẹ̀yà nìkan ni wọ́n kọ sí i. Ẹ má gbé e sójú oòrùn, kó má baà sán. Ohun alààyè kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ń gbé inú ère ni kòkòrò ajẹgi. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun igi nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ lọ ra oògùn kòkòrò. Ẹ má pe wòlíì.