Máàpù Ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀ Ló Yẹ Kó Ṣáájú Blockchain

Àwọn tó fẹ́ràn blockchain máa ń sọ pé òun ni yóò gba ẹni tó ń ra ilẹ̀ l'Ékòó lọ́wọ́ jìbìtì. Ìwé àkọsílẹ̀ ni, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú. Ohun tí wọ́n bá ti kọ síbẹ̀, ẹnì kan ò lè dá a yí padà kí àwọn yòókù má mọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ayọ̀bọ̀ l'Ékòó ká wò ó. Jìbìtì tó wọ́pọ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí ni pé ojúlé kan nínú ẹbí á ta ilẹ̀, ojúlé kejì á tún un tà láì gbọ́ (tàbí kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́). Rìsíìtì àti àdéhùn tí lọ́yà tẹ̀ ni àwọn méjèèjì tó rà á dì mú, kò sì sí èyí tó dé ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Aláùsá nínú wọn. Blockchain kò lè ṣọ́ ìwé tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá sì dé ibẹ̀, tí ẹni tó tà á kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, irọ́ náà ni yóò di ohun tí kò ṣeé pa rẹ́ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí GIS, ètò máàpù orí kọ̀ǹpútà, fi yẹ kó ṣáájú. Ó máa ń to oríṣiríṣi máàpù léra: pílánì tí sọ́féyọ̀ yà, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, èyí tí wọ́n fi excision dá padà fún abúlé, ojú ọ̀nà, ipadò. Bí pílánì méjì bá gun ara wọn, á hàn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ayọ̀bọ̀ nílò rẹ̀ gan-an, torí pé Ìtẹ̀lé tó múlé gbè é ti wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: Aláùsá ló ni àkọsílẹ̀ níhìn-ín, Abẹ́òkúta ló ni ti ọ̀hún.

Àpẹẹrẹ ti òkè òkun fi èyí hàn. Orílẹ̀-èdè Georgia bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ blockchain lórí ìwé ilẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Bitfury ní 2016, àmọ́ kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń tún ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ wọn ṣe. Honduras kéde tirẹ̀ pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Factom ní 2015. Kò pẹ́ tó fi dúró sójú kan.

Àwọn tó fẹ́ràn blockchain á ní fáìlì ń sọnù ní ọ́fíìsì ìjọba, àwọn kan sì ń yí i. Òótọ́ ni, ibẹ̀ sì ni blockchain ti wúlò, lẹ́yìn tí máàpù bá ti pé. Àtakò tó le jù ti ilé ẹjọ́ wá. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí èèyàn lè fi fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ọ̀kan péré ni ìwé jẹ́ nínú wọn. Ìtàn ìdílé wà níbẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí sọ́féyọ̀ ìjọba pe olórí ẹbí, aṣojú gbogbo ojúlé àtàwọn tí wọ́n jọ pààlà, kí wọ́n jọ rin ààlà náà, kí wọ́n sì kọ ìtàn àti awuyewuye wọn mọ́ máàpù kí ẹnikẹ́ni tó fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Ẹbí mìíràn á sá, torí wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ wọn tàbí bu owó orí lé e. Láti ìgbà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ta ni yóò bú wọn? Ọ̀fẹ́ ni kí ìjọba ṣe é, kó sì fi òfin dè é pé kò ní lò ó gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Kí Èkó àti Ògùn jọ bẹ̀rẹ̀ láti Ayọ̀bọ̀ dé Ìtẹ̀lé, kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè fi fóònù wo máàpù náà kó tó san owó àsansílẹ̀.